Láptọ́ọ̀pù Wo Ni Ó Yẹ Ẹni Tí Ń Ta Jìtá?

Láti ìgbà tí mo ti ta jìtá níbi àpèjẹ ẹgbẹ́ wa ni àwọn kan ti ń bi mí léèrè irú láptọ́ọ̀pù tí ó yẹ kí ènìyàn rà bí ó bá fẹ́ máa fi kọ́ jìtá, kí ó sì máa fi gba orin sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ṣíwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò yìí, owó ìyá mi ni mo sì gbé dání jìn sí i.

Ìjemọ̀ ní Abẹ́òkúta ni ilé wa wà. Àdìrẹ ni ìyá mi ń tà ní ọjà Ìtokú. Nígbà tí mo wọ ọdún kejì ní yunifásítì, ó kó àjọ, ó sì kó owó náà lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi ra láptọ́ọ̀pù. Mo lọ bá ẹnì kan tí ń ta tòkunbọ̀. Èyí tí ó gbé fún mi fẹ̀ lójú, ó ń dán bíi dígí, n kò sì béèrè ohunkóhun mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo so jìtá mọ́ ọn, mo ki íápíìsì bọ etí, mo ta okùn kan. Ọwọ́ mi ti kúrò lórí okùn náà kí ìró rẹ̀ tó dé etí mi! Ó dà bí ìgbà tí ìyáàlù ń dún ní Aké tí omele rẹ̀ wà ní Láfẹ́nwá.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ayára-bí-àṣá kì í gbé ìró bí odò ti ń ṣàn. Ńṣe ni ó ń bù ú bí ẹni tí ń fi garawa pọnmi. Nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sábà máa ń wọn ìró náà ní ìgbà 44,100. Bí a bá ní kí ó kó ìwọ̀n 1,024 sínú garawa kan kí ó tó gbé e, nǹkan bí ìdá 23 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá yóò ti lọ ní alọ, irú rẹ̀ yóò sì tún lọ ní àbọ̀. Ẹ lè ní kí ni ìyẹn jẹ́? Ìró a máa rin nǹkan bíi mítà 343 nínú afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà ó dà bí ìgbà tí ẹ ń ta jìtá níhìn-ín tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn yín wà ní nǹkan bíi mítà 16 sí yín. Bí garawa náà bá jẹ́ 128, mítà 2 péré ni. Ṣùgbọ́n garawa kékeré ń fẹ́ ọwọ́ tí ó yá. Láptọ́ọ̀pù tí kò bá lágbára yóò máa da omi sílẹ̀, ìró yóò sì máa ta pàrà-pàrà.

Nítorí náà, inú ni kí ẹ wò, ẹ má wo dídán. Bí ó bá jẹ́ ti Windows tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ti Intel, kí ó jẹ́ ìran kẹjọ tàbí èyí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, nítorí Microsoft ti dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàwà, ọdún 2025, Windows 11 kì í sì í fẹ́ gba èyí tí ó bá ti gbó ju ìran kẹjọ lọ. Kí RAM rẹ̀ má dín ní 8 GB. 16 dára jù fún ẹni tí yóò kó ohùn púpọ̀ jọ. Kí ó jẹ́ SSD ni ó ń kó nǹkan pamọ́ sí, kì í ṣe àwo tí ń yí. Àwo tí ń yí ni ó wà nínú tèmi, RAM rẹ̀ sì jẹ́ 4. MacBook Air M1 ti ọdún 2020 kò ní fáànù rárá, èyí sì dára fún ẹni tí ń fi máíkì gba ohùn nínú yàrá kan náà, ṣùgbọ́n kò sí bí a ti lè fi kún RAM rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti rà á. Ẹ má sì gbàgbé bátìrì. Ẹ ní kí ẹni tí ń tà á yọ wáyà iná, kí ẹ jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin náà mọ iná wa.

Òdodo ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti láptọ́ọ̀pù nìkan. Ihò máíkì ni mo ki wáyà jìtá bọ̀, a kò sì ṣe ihò yẹn fún jìtá. Àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní audio interface, tí ó ní ihò tirẹ̀ fún jìtá. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó sí kí ẹ tó ronú láptọ́ọ̀pù olówó gọbọi. Ó máa ń bá ASIO rìn, ọ̀nà àbùjá tí iléeṣẹ́ Steinberg ti ilẹ̀ Jámánì là fún ìró nínú Windows.

Ní ti kíkọ́ jìtá, ìyẹn kò ní agbára púpọ̀ nínú. Láti ìgbà tí Àyìndé Bákàrè ti fi iná sí jìtá nínú orin jùjú ní 1949 ni àwọn olórin wa ti ń jẹ́ kí okùn máa fọhùn ketekete. Mo fẹ́ràn jìtá inú àwo Olóyè Ebenezer Obey, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn yá jù fún etí mi. Audacity, tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ni mo fi ń mú wọn falẹ̀ láì jẹ́ kí ohùn wọn rẹlẹ̀. Bí ohùn bá rẹlẹ̀, jìtá tèmi kò ní bá wọn mu mọ́, àfi kí n tún gbogbo okùn rẹ̀ fà.

N kò rówó ra òmíràn. Mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi, kò bínú; ó kàn ní, "Ṣé wọn kò lè tún un ṣe ni?" Owó tí mo rí níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ni mo fi ra SSD sí i, mo sọ RAM rẹ̀ di 8, mo sì ra àpótí kékeré náà ní tòkunbọ̀. Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo ní kí ìyá mi wá ki oríkì ilé bàbá rẹ̀ sínú máíkì, mo sì ń fi jìtá gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a parí, ó bọ́ íápíìsì sétí, ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.