Omi Ògùnpa, sọ́ọ̀bù àti owó gbà-máà-bínú

Àwọn oníṣòwò tó ń ti ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ kó ọjà n'Ìbàdàn mọ Ògùnpa dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kì í rò ni pé odò ló ń jẹ́ orúkọ yẹn kó tó di orúkọ àdúgbò. Nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó kóra jọ sí Gbági àti Dùgbẹ̀, àwọn oníṣòwò tiwa tẹ̀ lé wọn, ni sọ́ọ̀bù bá ń sún mọ́ etí omi díẹ̀díẹ̀.

Omi náà ya wọ ìgboro lọ́dún 1960, 1963 àti 1978. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, tí wọ́n ń pè ní Omíyalé, ló burú jù. Èèyàn tó kú lé ní 100. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọnkéré mọ ojú odò náà, iṣẹ́ ọ̀hún sì falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ò yéé da ìdọ̀tí síbẹ̀. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omi tún pa èèyàn tó lé ní 100 n'Ìbàdàn, ó sì wó afárá. Lọ́dún 2014 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là láti fi kápá àgbàrá ìlú náà.

Bí wọ́n bá fẹ́ fẹ ojú odò tàbí kọ́ afárá, ilé àti sọ́ọ̀bù kan máa kúrò níbẹ̀. Ta ni yóò gbowó? Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 wo ilé, irè oko àti ohun téèyàn ṣe sórí ilẹ̀. Kò sí kọ́bọ̀ fún oníbàárà tó sọ nù, bẹ́ẹ̀ oníbàárà ni ọjà. Ẹ bi àwọn aláṣọ tó kó kúrò ní Gbági àtijọ́ lọ sí Gbági tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ẹni tó sì háyà sọ́ọ̀bù, onílé rẹ̀ lowó ilé yóò bọ́ sí lọ́wọ́.

Ìlànà Báńkì Àgbáyé tí wọ́n lò fún iṣẹ́ àgbàrá yẹn yàtọ̀. Ayálégbé, àní ẹni tí kò níwèé ilẹ̀, lè gba ìrànlọ́wọ́ lórí òwò tó dá dúró, bí wọ́n bá ti ka orúkọ rẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Níbi ìkànìyàn yìí ni rìsíìtì owó háyà ti ń wúlò, torí ẹni tó bá pàtẹ sí etí odò lẹ́yìn ọjọ́ náà, òfo ló máa bá bọ̀.