Bí Ẹ̀rọ Bá Gé Òṣìṣẹ́ Lọ́wọ́ ní Accra: Ọ̀rọ̀ Dọ́kítà, Nọ́ọ̀sì àti Owó Gbà-Má-Bínú

Ọmọ Yorùbá kan wà tí a mọ̀ ní Accra, sọ̀míìlì ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kan, ayùn ẹ̀rọ gé ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi aṣọ di ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n sáré gbé e dé ilé-ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì bi í léèrè pé kí ni ó ṣe é. Arákùnrin yìí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, èdè Gáà tí ó gbọ́ kò sì ju ti ọjà lọ. Ẹnì kan tí ó gbọ́ Haúsá ni ó bá wọn ṣe ògbufọ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì wá kọ sínú káàdì kò ju pé irin gé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Kò kọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, kò kọ agogo tí ó lù, kò sì kọ ọ́ pé ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti gbé e wá. Ní oṣù kẹrin, nígbà tí a ń béèrè owó rẹ̀, káàdì yìí gan-an ni àwọn agbanisíṣẹ́ gbé jáde. Wọ́n ní ta ni ó mọ̀ bóyá igi ìdáná ni ó ń là nínú ọgbà ilé rẹ̀.

A kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní dárúkọ ilé-ìwòsàn, nítorí pé a kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Nọ́ọ̀sì náà kò ṣe ibi. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, àwọn aláìsàn mìíràn wà lórí ìlà, bí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe dá ni ó ká a lára. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń bá wọn ka ìwé tí ẹ sì ń bá wọn kọ lẹ́tà, mọ̀ dájú pé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn ni ẹjọ́ owó ìpalára ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ó tó dé ọ́fíìsì ìjọba rárá.

Òfin tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Gánà ni èyí tí ìjọba PNDC ṣe ní ọdún 1987, tí a ń pè ní PNDCL 187. Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́. Ní 1940, nígbà tí a ṣì ń pe ilẹ̀ náà ní Góòlù Kóòsì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀. Ní 1941 wọ́n ṣe ti Nàìjíríà. Ní 1963, lẹ́yìn òmìnira, ìjọba Nkrumah ṣe tiwọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe ti ìlú ara wọn láti 1897. Ní ọdún 1897 yìí kan náà ni a dá ilé iṣẹ́ Ashanti Goldfields sílẹ̀ ní London láti wa wúrà ní Obuasi. Ẹ ka ọdún tí ó wà láàrin 1897 àti 1940, kí ẹ sì rò ó wò bí iye àwọn tí ó fara pa nínú kòtò wúrà láàrin ìgbà náà yóò ti pọ̀ tó.

Orúkọ tí àwa Yorùbá fún owó yìí pàápàá kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹni tí ó ní “gbà, má bínú” ń bẹ̀bẹ̀ ni, ẹni tí a bẹ̀ sì lè kà á sí oore. Òfin kò bá ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀. Ó ní bí òṣìṣẹ́ bá fara pa nípasẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ náà ni ó wà, agbanisíṣẹ́ yóò san owó, ìbáà ṣe ìjọba ni agbanisíṣẹ́ tàbí ẹni aládàáni. Àwọn ológun nìkan ni òfin yìí kò kàn. Òṣìṣẹ́ kò ní láti fi hàn pé ọ̀gá ṣe àìbìkítà. Àfi bí ó bá jẹ́ pé ọtí tàbí oògùn olóró ni ó gùn ún nígbà náà, tàbí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Bí ìjàǹbá bá pa òṣìṣẹ́, tí ó sì fi àwọn tí ó ń bọ́ sílẹ̀, owó oṣù 60 ni a óò san. Bí kò bá kú, ṣùgbọ́n tí kò lè ṣe iṣẹ́ kankan mọ́ títí ayé rẹ̀, owó oṣù 96 ni. Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu pé ti ẹni tí ó yè ju ti ẹni tí ó kú lọ: ẹni tí ó yè ṣì ń jẹun. Àárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń bọ́ sí: ẹni tí ìka rẹ̀ gé, ẹni tí ojú rẹ̀ kan fọ́, ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò ká mọ́. Òfin to àwọn ẹ̀yà ara lẹ́sẹẹsẹ, ó sì kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú méjèèjì jẹ́ 100. Ìka kò tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí ẹ̀yà ara kò ti gé kúrò pátápátá ni iṣẹ́ wà, nítorí pé dọ́kítà ni yóò sọ iye agbára tí ó sọnù. Bí ó bá kọ 20 níbi tí ó yẹ kí ó kọ 30, owó oṣù mẹ́sàn-án ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nìyẹn.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò yìí díẹ̀. Lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bá ti fi ìpalára rẹ̀ tó agbanisíṣẹ́ létí, agbanisíṣẹ́ ni yóò ṣètò dọ́kítà tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, òun ni yóò sì sanwó fún un. Òṣìṣẹ́ kì yóò san péséwà kan. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ̀ tí kò lọ, láìní ìdí tí ó ṣe é gbọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò dúró sójú kan. Níbí ni ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní dọ́kítà ilé iṣẹ́ ni, ẹni tí ó ń jẹun lọ́wọ́ ọ̀gá kò ní ba ọ̀gá jẹ́. Wọ́n á jókòó sílé, wọ́n á máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń to eegun. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ń to eegun, ẹsẹ̀ àwọn baba wa ni wọ́n fi mọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dípò ìwé dọ́kítà. Kí òṣìṣẹ́ lọ. Òfin fún un láyè láti mú dọ́kítà tirẹ̀ dání sí ibi àyẹ̀wò náà, bí òun fúnra rẹ̀ bá lè san owó dọ́kítà. Lébìrà mélòó ni ó lè san án? Lójú tiwa, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó ń gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kò ní iṣẹ́ tí ó ju èyí lọ.

Ohun kan tún wà tí ó jẹ́ ti àwa Yorùbá nìkan. Dọ́kítà á ní, “Báwo ni ara?” Ọmọ tí a kọ́ dáadáa á dáhùn pé, “A dúpẹ́, ó ti ń sàn.” Bí òru ṣe mọ́ ọn lójú nítorí ìrora, kò ní sọ ọ́, nítorí pé a kì í fi àìsàn kí àgbà. Dọ́kítà kò mọ̀ pé ìkíni ni. Ohun tí ó gbọ́ ni yóò kọ. Kí ẹ jọ̀wọ́ sọ fún àwọn ènìyàn yín pé yàrá dọ́kítà kì í ṣe ibi ìkíni. Bí kò bá lè de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀, kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá lè gbé garawa omi ṣùgbọ́n tí kò lè gbé e dé ibi tí ó ń lọ, kí ó sọ méjèèjì, kí ó má fi kún un, kí ó má yọ nínú rẹ̀.

Ti nọ́ọ̀sì ńkọ́? Láti ìgbà tí Gómìnà Guggisberg ti ṣí ilé-ìwòsàn Korle Bu ní 1923, dọ́kítà ni orúkọ rẹ̀ ń wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ó wà nítòsí. Òun ni ó ń tú ọgbẹ́, tí ó ń rí i bí ọwọ́ ti ń gbọ̀n. Òun ni ó kọ́kọ́ ń béèrè bí ó ti ṣẹlẹ̀, ìdáhùn ọjọ́ àkọ́kọ́ sì ni adájọ́ máa ń gbà gbọ́ jù, nítorí pé nígbà náà ẹnikẹ́ni kò tíì ronú owó. Bí ilé iṣẹ́ bá ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀, ìwé tí ó ń kọ orúkọ àwọn tí ó fara pa sí jẹ́ ẹ̀rí, kí òṣìṣẹ́ má sì ṣe tìtorí pé ọgbẹ́ rẹ̀ kéré kí ó fò ó. Nọ́ọ̀sì kò lè sọ pé 20 ni tàbí 30. Dọ́kítà ni ó ni ìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ilé-ìwòsàn àwọn ológun àtijọ́, òfin 1916 ni wọ́n ń lò. Òṣìṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ yan dọ́kítà tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ìjọba lè ní kí ó lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà tiwọn, bí ó bá kọ̀, owó yóò dúró. Ṣùgbọ́n bí dọ́kítà méjèèjì kò bá gbà fún ara wọn, a óò mú ẹ̀kẹta wá láàrin wọn. Ohun tí ó wù wá níbẹ̀ nìyí. Wọ́n tún máa ń rán nọ́ọ̀sì sí òṣìṣẹ́, kì í ṣe láti fún un lóògùn, bí kò ṣe láti bá òun, dọ́kítà rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí yóò ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́. Onínúure ni ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ohun tí a bá bá wọn sọ ń wọ inú ìwé tí ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń sanwó. Kí ẹni tí ó ní ọmọ níbẹ̀ kọ èyí sí i.

Àwọn kan lè ní, àlejò ni àwa ní Gánà, ta ni yóò san owó fún àlejò? Ní 1925 ni àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ti ṣe àdéhùn kọkàndínlógún, pé kí orílẹ̀-èdè tí ó bá fọwọ́ sí i má ṣe ya ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó fọwọ́ sí i sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ owó ìpalára. Gánà àti Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí i. A kò gbàgbé 18 Oṣù Kọkànlá, 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò, tí ọ̀pọ̀ ilé ní Lagos Town, tí a ń pè ní Accra New Town báyìí, sì dá páropáro. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ nígbà náà, àfi bí ó bá di káàdì ilé-ìwòsàn rẹ̀ mọ́ ẹrù. Nítorí náà, ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan ni kí òṣìṣẹ́ máa gbà, kí ó sì tọ́jú rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin 2010 ti yí ọ̀nà padà: ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti fi tó ọ̀gá létí, ọjọ́ 7 ni ọ̀gá ní láti fi tó àjọ NSITF létí, inú àpò tí àwọn agbanisíṣẹ́ jọ ń dá sí ni owó sì ti ń jáde. Ní Gánà, ọrùn agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹrù náà ṣì wà, èyí ni ó sì ń mú un jà.

Ti ọmọ ìlú wa tí a fi bẹ̀rẹ̀, a bá a padà lọ sí ilé-ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì náà rántí rẹ̀ lójúkan náà. Ó ní ìyẹ̀fun pákó ni ó kún irun orí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí òun fi omi fọ̀ ọ́ kúrò kí ó má bàa bọ́ sí ojú ọgbẹ́. Ó mú wa lọ bá dọ́kítà, dọ́kítà sì kọ lẹ́tà tí ó fi èyí sí. Nígbà tí a kó o jọ pẹ̀lú ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń kọ àkókò ìwọlé àti ìjáde, ó hàn pé ọkùnrin náà wọlé ní agogo méje àárọ̀, kò sì sí ibi tí a kọ ìjáde rẹ̀ sí. Wọ́n san owó náà ní oṣù kọkànlá. Ọwọ́ òsì ni ó fi buwọ́ lùwé.