Ẹni Tó Bá Fẹ́ Sáré Kò Ní Láti Di Ará Èkó

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ọdún 2016, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn péjọ sí pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, wọ́n sì sáré gba orí afárá Third Mainland títí dé Eko Atlantic. Eré Marathon ni, kìlómítà 42 àti mítà 195. Abraham Kiptum, ọmọ orílẹ̀-èdè Kenya, ló gba ipò kìíní láàárín wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 16. Àmọ́ Kiptum kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àwọn tó wà lẹ́yìn ni: òṣìṣẹ́ báńkì, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, oníṣòwò, tí wọ́n mọ̀ dájú pé ẹ̀bùn owó kò lè kàn wọ́n, tí wọ́n sì tún jí sáré. Àwọn bẹ́ẹ̀ ti túbọ̀ ń pọ̀ sí i l'Ékòó, ó sì ti wá dà bíi pé Èkó nìkan ló ni eré náà, pé láìsí bàtà olówó gọbọi, aago tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, àti ojú títì ńlá, kí oníkálukú jókòó jẹ́ẹ́ sílé. Mo fẹ́ takò èrò yẹn nítorí àwọn ará Afo, Ìdóàní, Ìfọ́n àti Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí. Ohun tó ń sọ ènìyàn di asáré ni pé kí ó máa sá a díẹ̀díẹ̀, láìdáwọ́ dúró, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò sí èyí tí ìlú kékeré kò ní nínú ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ara ṣe ń gba eré mọ́ra. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2020, sọ pé kí àgbàlagbà máa lo ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún ìdárayá tó mọ níwọ̀n, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 fún èyí tó le. Ẹni tó bá ń sáré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti kúrò nínú ẹni tí à ń bẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni eré àsápajúdé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró á ti lágbára sí i, ìmí kò ní máa já mọ́, ẹni náà á sì rò pé òun ti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n eegun àti àwọn iṣan tó so mọ́ ọn kì í yára bẹ́ẹ̀. Oṣù púpọ̀ ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó le. Àárín ìgbà tí ìmí ti gbà fún un àti ìgbà tí eegun kò tíì gbà fún un yìí ni ojúgun ti ń dunni, tí gìgísẹ̀ ń wú, tí ẹlòmíràn á sì pa eré tì pátápátá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó sáré fún ìṣẹ́jú kan, kí ó rìn fún méjì, kí ó tún sá. Bí ó bá ń sáré tí kò lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ gbólóhùn kan délẹ̀, eré náà ti pọ̀ jù, kí ó dẹwọ́. Ní ti ooru, òógùn kì í tètè gbẹ lára níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti lọ́rinrin, bẹ́ẹ̀ gbígbẹ òógùn ló ń tu ara. Nítorí náà, òwúrọ̀ tí ilẹ̀ ti mọ́ ṣùgbọ́n tí oòrùn kò tíì mú ló dára láti sáré nílẹ̀ wa. Àwọn òkè kéékèèké tó wà ní apá ibí yìí náà kì í ṣe ìdíwọ́: ẹni tó bá ń gun òkè ń fún itan ní iṣẹ́ ńlá láì jẹ́ pé ẹsẹ̀ ń gbá ilẹ̀ gìdìgìdì.

Ọ̀rọ̀ bàtà ló ń dẹ́rù ba ènìyàn jù. Ní 1960, ní Róòmù, Abebe Bikila ọmọ Ethiopia sá eré Marathon ní ẹsẹ̀ lásán, ó sì gba wúrà Òlíḿpíìkì láàárín wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 16. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Tokyo, ó wọ bàtà, ó sì tún gba wúrà, ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 12. Bàtà ṣe é láǹfààní o, èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa sáré lórí ọ̀dà láìwọ bàtà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹsẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí bàtà tó dé. Àwọn bàtà tuntun tó ní pátákó kábọ́ọ̀nù nínú, irú èyí tí Eliud Kipchoge wọ̀ ní Vienna ní 2019 nígbà tó sá kìlómítà 42 náà ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 59 àti àáyá 40, lágbára débi pé àjọ World Athletics ní láti fi òfin dé e pé nínípọn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 40 lọ. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024, ₦70,000, kò lè ra ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lé ìṣẹ́jú àáyá ni irú bàtà bẹ́ẹ̀ wà fún.

Kánfáàsì òkìrìkà tó wà lọ́jà tó fún àwa yòókù, bí a bá mọ̀ ọ́n yàn. Kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ fóòmù rẹ̀: bí ó bá le bí igi, ó ti darúgbó, kò ní gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ilẹ̀ mọ́. Kí ẹ ká a: ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ló yẹ kí ó ti ká, bí ó bá ká ní àárín, ẹ dá a padà. Kí ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn; bí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìrìn ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ni ẹ fẹ́ rà yẹn. Kí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níwájú, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú bí ènìyàn bá ń sáré. Obìnrin nílò kọ́mú tó di àyà mú dáadáa. Aago kì í ṣe dandan.

Ẹnì kan á ní àgbẹ̀ tó ti roko láti òwúrọ̀, kí ló tún ń sáré kiri fún? Òótọ́ ni, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rin lọ sóko tó sì ń kọ ebè kò jẹ eré ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe àgbẹ̀ mọ́: ọlọ́kadà jókòó, télọ̀ jókòó, oníṣọ́ọ̀bù jókòó, akọ̀wé jókòó. Àwọn mìíràn ní eré ń ba orúnkún jẹ́. Àkójọpọ̀ ìwádìí kan tó jáde ní 2017 fi hàn pé nǹkan bí 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń sáré fún ìgbádùn ni oríkèé orúnkún tàbí ìgbáròkó wọn jẹ, nígbà tí ti àwọn tí kì í sáré rárá lé ní 10. Àwọn tó ń fi eré jẹun ló burú jù, ó lé ní 13. Àpọ̀jù ló ń bà á jẹ́. Ní ti ọkàn, ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹbí rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò nílé ìwòsàn.

Àtakò tó wúwo jù lọ ni ti ààbò, n kò sì lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní oṣù Kọkànlá 2020 ni àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà 2022, àwọn agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ó sì lé ní ogójì ènìyàn tó kú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá sáré lọ sí ojú ọ̀nà tó dá páropáro, kí ó má sì jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Àárín ìlú ni kí ó ti sáré, pẹ̀lú ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ará ilé sì mọ ibi tó gbà. Pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé tó: ẹni tó bá yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti sá nǹkan bíi kìlómítà kan.

Àwọn tó bá rò pé ìlú kékeré kò lè gbé eré ńlá dìde, kí wọ́n wo Okpekpe. Ìpínlẹ̀ Edo tó bá wa pààlà ló wà, lórí òkè, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Etsako, kò sì tóbi rárá. Láti 2013 ni wọ́n ti ń sá eré kìlómítà mẹ́wàá níbẹ̀, tí àwọn ọmọ Kenya àti Ethiopia ń wá, tí ará ìlú náà ń bá wọn sá. Ní 2015, àjọ eré ìdárayá àgbáyé fún un ní òǹtẹ̀, òun sì ni eré ojú títì àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó gbà á. Kò sí afárá Third Mainland níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n wọ̀n dáadáa, omi, dókítà àti àwọn tó múra tán láti ti ọ̀nà fún wákàtí mélòó kan ni wọ́n ní.

Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọsẹ, ẹ̀yin ọmọ Afo nílé lóko, Rufus Giwa Polytechnic àti Federal Medical Centre wà lọ́wọ́ yín, ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sì wà pẹ̀lú. Ẹ má dúró de owó ńlá. Ẹ fi kìlómítà márùn-ún bẹ̀rẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, kí ẹ sì jẹ́ kí tọmọdé tàgbà, ọkùnrin àtobìnrin, forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.