Àwọn tó ń ru ẹrù gun òkè Everest ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa gba ẹ̀mí ara wọn là

Adẹ́mu tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gun ọ̀pẹ láì yẹ igbà rẹ̀ wò. Ó mọ̀ pé bí igbà bá já lókè, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Sherpa ní orílẹ̀-èdè Nepal ń ru ẹrù àwọn àlejò gun Everest, òkè tó ga jù lọ láyé, láìsí ẹni tó jókòó kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń lo okùn. Agbára àti ìgboyà nìkan ni wọ́n gbójú lé.

Ọ̀rọ̀ yìí ló bí ilé-ẹ̀kọ́ Khumbu Climbing Center, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003 ní abúlé Phortse. Lọ́dún 1999, yìnyín ya lulẹ̀ lórí òkè Shishapangma ní Tibet, ó sì pa Alex Lowe, gbajúmọ̀ agunkè ọmọ Amẹ́ríkà, àti David Bridges. Conrad Anker tó wà pẹ̀lú wọn mórí bọ́. Òun àti Jennifer, opó Lowe tó padà di ìyàwó rẹ̀, ló dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀.

Ìgbà òtútù ni wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, torí ìgbà náà ni omi tó ń ṣàn láti orí àpáta máa ń dì gbagidi, tó sì ṣeé gùn. Akẹ́kọ̀ọ́ á de irin eléyín mọ́ bàtà, á mú àáké kékeré lọ́wọ́. Á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn tòun ti ìbọ̀wọ́, torí ìka tí òtútù bá ti pa kò wúlò fún olówó rẹ̀.

Èyí tó le jù ni yíyọ ẹni tó jìn sí kòtò inú yìnyín. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so ara wọn mọ́ okùn kan náà. Bí ẹnì kan bá já sínú kòtò, àwọn yòókù á dojú bolẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ki àáké bọ yìnyín. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ri irin mọ́lẹ̀, wọ́n á wá gbé okùn gba ara irin ayípo bíi ti kànga. Bí wọ́n bá gbé e gbà dáadáa, agbára ẹni tó ń fà á á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ gbani là gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí òkú má baà di méjì.

Yíyọ nìkan kọ́ o. Bí ẹni tí òtútù mú bá dẹ́kun gbígbọ̀n láìtíì móoru, ewu ńlá ni. Wọ́n á bọ́ aṣọ tó rin lára rẹ̀, wọ́n á fi gbígbẹ wé e, wọ́n á sì gbé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọn kì í fún un lọ́tí.

Lóòótọ́, ẹ̀kọ́ kò lè dá yìnyín dúró. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹrin, ọdún 2014, yìnyín wó lu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Everest, èèyàn 16 ló kú, ọmọ Nepal sì ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jìn sí kòtò tí ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀, ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ìyè rẹ̀ wà. Lónìí, àwọn ọmọ Nepal fúnra wọn ló ń kọ́ àwọn èèyàn wọn ní Phortse. Ìgboyà dára, àmọ́ ìmọ̀ ló ń mú èèyàn padà sílé bá ọmọ rẹ̀.