ILÉ ÌWÉ GIRAMA KÉKERÉ NÍ ABÚLÉ: BÍ A TI Ń KA IYE ỌMỌ ÀTI IRÚ ỌMỌ TÓ WÀ NÍBẸ̀

Láti ìgbà tí ìgbìmọ̀ ti ń gba fọ́ọ̀mù owó yíyá fún owó ilé ìwé, ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn kan fẹ́ mú ọmọ wọn kúrò ní ilé ìwé ńlá ìgboro, kí wọ́n fi í sí ilé ìwé girama kékeré kan ní abúlé, irú èyí tí wọ́n ti ń kọ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ìwé. Wọ́n á ní, "Akọ̀wé, wọ́n ní ọmọ ọgọ́ta péré ló wà níbẹ̀. Ṣé ibẹ̀ ṣe é fi ọmọ sí?" Ìbéèrè gidi ni. Owó ẹgbẹ́ la fẹ́ yá wọn, owó gbogbo wa sì ni.

A ò lè dáhùn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Iye ọmọ nìkan kò sọ nǹkan kan fún ènìyàn títí tó fi mọ bí a ti ń kà á. Nítorí náà, a ó mú ilé ìwé kan tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa. Ilé ìwé náà ni Mayflower School, ní Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ.

Ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956 ni Tai Solarin àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, tí í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ilé ìwé náà. Ọmọ 70 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láti 1952 ni Solarin ti jẹ́ ọ̀gá Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló mú un kúrò níbẹ̀. Ó ní ìwé ni ilé ìwé wà fún, kí olúkúlùkù máa ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ nílé. Orúkọ tó fún ilé ìwé tirẹ̀, orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620 ni.

Bí ẹnì kan bá dé Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún yẹn, tó rí ọmọ 70 nínú igbó, tí wọn kò ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọn kò ní mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n di ọkọ́ àti àdá mú, àfàìmọ̀ kó má sọ pé eléyìí kò ní pẹ́ túká. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń lọ nígbà náà.

Ní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, ọmọ bí 457,000 ló wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 1955, wọ́n ti di bí 811,000. Ọdún kan péré! Àwa tí a ń tajà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, tí gbogbo ènìyàn gbin àgbàdo lọ́jọ́ kan náà, a mọ oṣù tí àgbàdo yóò kún ọjà. Ọdún mẹ́fà ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ní ìparí 1960 ni ọ̀wọ́ kìíní máa jáde, gbogbo wọn á sì máa wá ibi tí wọ́n máa lọ. Ilé ìwé girama kò tó nǹkan. Ìjọba dá Secondary Modern ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀ láti gba àwọn tí kò rí girama wọ̀, ṣùgbọ́n àyè kò tó síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ilé ìwé ní 1956, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ 70 ló ní, ọjà ń bọ̀ wá bá a lọ́nà.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ nìyí: bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ìwé girama kékeré kan yóò dúró, ẹ má wo inú rẹ̀ nìkan. Ẹ wo àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó yí i ká. Mélòó ló wà ní kíláàsì kẹfà lọ́dún yìí? Mélòó ló wà ní kíláàsì kìíní? Bí ti kìíní bá kéré ju ti kẹfà lọ, àwọn ọ̀dọ́ ìdílé ti ń ṣí lọ sí ìgboro nìyẹn, ilé ìwé girama náà á sì mọ̀ ọ́n lára ní ọdún mẹ́fà sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí irú ọmọ. Nígbà náà lọ́hùn-ún, ọwọ́ àwọn ìjọ Kírísítì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé wà, ó sì ní ọmọ Mùsùlùmí tó ní láti gba orúkọ mìíràn kó tó lè kàwé. Àwọn àgbà tó wà nínú ẹgbẹ́ wa yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé tí kò bèèrè ẹ̀sìn, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ abọ̀rìṣà ni yóò jọ wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kéde pé kí wọ́n wá, òfin ilé ìwé fúnra rẹ̀ ló ṣí ìlẹ̀kùn. Ti iṣẹ́ ọwọ́ náà tún wà ńbẹ̀. Àwọn ọmọ Mayflower ń roko, wọ́n ń kọ́lé ilé ìwé fúnra wọn. Èyí lé àwọn òbí kan sá, àwọn tó gbà pé torí kí ọmọ má baà roko ni àwọn ṣe rán an níwèé. Ó sì fa àwọn mìíràn wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ibùgbé: nítorí pé àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà, kì í ṣe ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ nìkan ló kún ibẹ̀, ọmọ ọ̀nà jíjìn náà ń wá. Ilé ìwé tí kò ní ibùgbé, ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ tàbí ọ̀kadà lè gbé e dé láàárọ̀ ni ààlà rẹ̀, kò sí bí tíṣà ṣe lè mọ̀wé tó.

Torí náà bí ẹ bá rí ilé ìwé tí ọmọkùnrin kún, tí obìnrin kò ju ìkan nínú mẹ́rin lọ, ẹ má kàn sọ pé àwọn ará abúlé yìí kò fẹ́ràn kí obìnrin kàwé. Ẹ bèèrè bí ọ̀nà ṣe jìn tó, bóyá ilé ìyàgbẹ́ àwọn obìnrin wà lọ́tọ̀, àti ọjọ́ wo ni ọjà abúlé náà. A ti rí ibi tí àwọn ọmọbìnrin kì í sí ní kíláàsì lọ́jọ́ ọjà, torí wọ́n ń ba ìyá wọn ru ẹrù. Àwa oníṣòwò ò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé a ò mọ̀ nípa ìyẹn o.

Ó wá kan ìṣirò, ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ ènìyàn jẹ. Ká ní ilé ìwé kan ní kíláàsì márùn-ún bíi ti ayé àtijọ́. Ọmọ 70 ń wọlé lọ́dọọdún, kò sì sí ẹni tó ń kúrò. Ní ọdún karùn-ún wọ́n á jẹ́ 350. Ṣùgbọ́n ká ní méje ń fi ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dún. Kíláàsì kìíní á jẹ́ 70, èkejì 63, ẹ̀kẹta 56, ẹ̀kẹrin 49, ẹ̀karùn-ún 42. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 280. Ọ̀gá ilé ìwé á sọ fún yín pé, "Ọmọ 70 la fi bẹ̀rẹ̀, a ti di 280 báyìí." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n nínú 70 tó kọ́kọ́ wọlé, 28 ti lọ. Àpapọ̀ ń pọ̀ sí i, ọmọ sì ń jò lábẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ bèèrè iye ọmọ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àpapọ̀.

Lóde òní, ibi tí wọ́n ti ń jò jù ni láàárín JSS 3 àti SS 1. Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, dandan sì ni. JSS 3 ló parí sí. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọmọkùnrin kan á lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, àwọn ọmọbìnrin á lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, owó á sì nira fún àwọn tó kù. Bí ilé ìwé kékeré kan bá ní ọmọ ogún ní JSS 3, tí wọ́n ku mẹ́fà ní SS 1, tíṣà fisíìsì tìtorí ọmọ méjì wá sí abúlé bí? Ó ṣòro. Ọmọ tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì lè bá ara rẹ̀ níbi tí kò ti sí ẹni tó máa kọ́ ọ ní kẹ́mísírì. Ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí ilé ìwé náà láti gbé ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC. Èyí tí wọn kò tíì fọwọ́ sí, ibòmíràn ni ọmọ yóò ti lọ forúkọ sílẹ̀, owó mìíràn sì nìyẹn.

Ẹ tún bèèrè ìwé rẹ́jísítà. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ̀ pé ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ọ̀tọ̀, ẹni tó ń mú owó wá lóṣooṣù ọ̀tọ̀. Ìyàtọ̀ kan náà ló wà ní ilé ìwé. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta gàrí yáwó láti fi ọmọ rẹ̀ sí ilé ìwé kan tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n ní ọmọ 120 ló wà ńbẹ̀. Nígbà tí ọmọ dé ibẹ̀, tíṣà méjì ti lọ, àwọn tó ń wá láàárọ̀ kò tó àádọ́ta. Ní táàmù kẹta ọmọ padà wálé. Ìyá rẹ̀ sì san owó ẹgbẹ́ pé, oṣù mẹ́wàá gbáko, pẹ̀lú ọmọ tó jókòó tì í nídìí àwo gàrí. A ò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé a kórìíra ilé ìwé kékeré. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ìwé pẹ́, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní JSS 2, ojú máa ń tì í láàárín àwọn ọmọdé ìgboro. Ní ilé ìwé tí tíṣà ti mọ orúkọ gbogbo ọmọ, tí ó mọ ẹni tí kò wá àti ìdí tí kò fi wá, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè rí ẹsẹ̀ fi dúró. Ẹ bèèrè ọjọ́ orí àwọn ọmọ kíláàsì tí ọmọ yín máa wọ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ó dára.

Ní ti Mayflower, Solarin jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ títí di 1976. Ilé ìwé ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ni báyìí, kì í sì í ṣe ilé ìwé kékeré mọ́. (Òun náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́ fún People's Bank tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1989, láti yá àwọn tálákà lówó láìgba ohun ìdógò. Kì í ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ tí àwa náà ń ṣe.) Ó kú ní 1994, ìyàwó rẹ̀ sì kú ní 2012.

Fọ́ọ̀mù owó ilé ìwé yóò wà lọ́wọ́ akọ̀wé láti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó fún ilé ìwé abúlé, kó mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé, tí wọ́n kọ iye ọmọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan sí, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ti ọdún yìí àti ti ọdún tó kọjá, àti iye tíṣà tó wà ńlẹ̀. Bí ọ̀gá náà bá ní òun ò lè kọ ọ́, ẹ wá sọ fún wa, ìgbìmọ̀ á rán ènìyàn méjì lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, kí wọ́n fi ojú ara wọn kà wọ́n.