Àpótí tó bá ẹ̀rọ mu: Owó wà níbẹ̀ fún àwọn ajórin Rẹ́mọ

Ẹni tó bá rò pé àpótí lásán kò lè mú owó gidi wọlé, kó gbọ́ èyí. Lóṣù kìíní ọdún 2019, iléeṣẹ́ IBM fi kọ̀ǹpútà quantum kan tí wọ́n pè ní IBM Q System One han aráyé. Inú àpótí gíláàsì tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, tó sì fẹ̀ ní mẹ́sàn-án, ni wọ́n gbé e sí. Kì í ṣe àwọn oníkọ̀ǹpútà ló ṣe àpótí yìí o. Goppion ni, iléeṣẹ́ kan nílùú Milan, lórílẹ̀-èdè Ítálì, tó ń ṣe àpótí fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Àwọn náà ló ṣe èyí tó ń dáàbò bo àwòrán Mona Lisa nílùú Paris.

Kọ̀ǹpútà yìí kò fẹ́ kí nǹkan mì òun rárá, torí ìṣirò rẹ̀ a dàrú. Nítorí náà, férémù tó gbé ẹ̀rọ dá dúró, ti àpótí náà dá dúró, kí ọ̀kan má baà mi èkejì.

Irú àròjinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí iná ṣégeṣège ti sọ ínfátà àti bátìrì di ohun èlò ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà ń wá àpótí tí olè kò ní tètè já. Ṣùgbọ́n ajórin tó bá kàn wọn gígùn àti ìbú, tó sì dì í pa, lè ba ẹ̀rọ olówó ńlá jẹ́.

Nǹkan mẹ́rin ló yẹ kó béèrè kó tó gé páànù. Àkọ́kọ́ ni ooru: ihò ní ìsàlẹ̀ àti lókè ni yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde. Èkejì ni eruku, pàápàá nígbà ọyẹ́: fóòmù tó ṣeé yọ fọ̀ ni kó fi bo ihò náà. Ẹ̀kẹta ni òjò: ẹ̀gbẹ́ ni kí ihò wà, kó sì ní ìbòrí. Ẹ̀kẹrin ni ìgbọ̀n: rọ́bà ni kó fi sábẹ́ ẹ̀rọ tó bá wà nítòsí jẹnẹrétọ̀.

Èyí tó léwu jù ni bátìrì olómi. Bó bá ń gba iná, gáàsì tó lè gbaná máa ń jáde lára rẹ̀. Kò gbọdọ̀ bá ínfátà gbé inú àpótí kan náà, àpótí tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba afẹ́fẹ́ dáadáa.

Nítorí náà, kí ajórin má ṣe ka owó irin àti ọ̀dà nìkan. Kó ka owó ọpọlọ mọ́ ọn, kó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún oníbàárà. Àpótí tó pa ẹ̀rọ mọ́ ló ń mú oníbàárà padà wá.