Bí Òrùlé Ọkọ̀ Bá Kọ̀ Láti Ṣí, Ẹ Gbọ́ Ohùn Ẹ̀rọ Kí Ẹ Tó Náwó

Ọ̀rọ̀ ìdílé tiwa lónìí dá lórí ohun tó lè kó àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà sí ìnáwó. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ ni, irú èyí tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ. Bí a bá tẹ súwíìṣì, òrùlé náà á ká sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ èyí tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ, tàbí èyí tí tọkọtaya rà lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Bí òrùlé rẹ̀ bá kọ̀ láti ṣí, ojú a máa kán ẹni tó ni ín. Ẹlòmíràn a sáré lọ ra pọ́ǹpù tuntun. Yóò náwó tán, òrùlé kò ní mì. Owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ilé-ìwé ọmọ ti lọ, ọ̀rọ̀ a sì di àríyànjiyàn láàárín tọkọtaya.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ni èyí: ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ń sọ̀rọ̀. Ẹ fetí sí i kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1939, ilé-iṣẹ́ Plymouth gbé ọkọ̀ jáde ní Amẹ́ríkà tí ẹ̀rọ ń bá a ká òrùlé aṣọ rẹ̀. Agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ ni wọ́n lò nígbà náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yí sí ọ́ìlì. Irú èyí ló wà nínú Ford Mustang ti àwọn ọdún 1960, fún ẹni tó bá san àfikún owó. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi iná bátìrì yí. Ẹ̀rọ yìí ló ń yí pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù ń ti ọ́ìlì gba inú rọ́bà lọ sí sìlíńdà méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọ̀pá inú sìlíńdà wọ̀nyí ló ń gbé irin òrùlé sókè, àwọn náà ló sì ń fà á wálẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tú ìkọ́ méjèèjì tó so òrùlé mọ́ etí gíláàsì iwájú. Ẹ yẹ bátìrì wò pẹ̀lú. Bátìrì tó kún yẹ kó ní nǹkan bíi fóòtì 12.6 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá tẹ súwíìṣì, kí ẹ sì tẹ́tí.

Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ pátápátá

Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn kankan, ẹ má tíì fọwọ́ kan ọ́ìlì. Ọ̀rọ̀ iná ni. Ẹ wo fíúùsì, ẹ wo súwíìṣì, ẹ sì wo wáyà tó so ẹ̀rọ mọ́ irin ara ọkọ̀. Ìpata máa ń bo ìdí wáyà yìí nínú ọkọ̀ àtijọ́, iná kì í sì í kọjá dáadáa níbẹ̀. Ẹ fi iná àyẹ̀wò kékeré kan wáyà tó wọ inú ẹ̀rọ nígbà tí ẹnìkan bá ń tẹ súwíìṣì. Bí iná náà bá tàn, tí wáyà ara irin sì dára, ẹ̀rọ gan-an ló kú. Bí kò bá tàn, àbùkù náà wà níwájú ẹ̀rọ, pọ́ǹpù tuntun kò sì lè wò ó sàn. Bí ẹ̀rọ bá ń dún nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sókè, tó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, súwíìṣì tàbí wáyà apá kan ni kí ẹ fura sí.

Bí ẹ̀rọ bá ń dún, tí òrùlé kò mì

Ẹ wo ọ́ìlì. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀, ó ní ibi tó ń jò. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn, kí ẹ yẹ ìdí sìlíńdà méjèèjì àti àwọn rọ́bà wò. Ẹ tún ibi tó ń jò ṣe, ẹ rọ ọ́ìlì kún un bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe wí, kí ẹ sì gbé òrùlé sókè sódò nígbà mélòó kan kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ máa wo ọ́ìlì náà bí ẹ ti ń ṣe é. Bí ọ́ìlì bá pé, tí kò sì sí ibi tó ń jò, síbẹ̀ tí òrùlé kò mì, ìgbà yìí ni pọ́ǹpù wá di ẹni tí a lè fẹ̀sùn kàn.

Ẹ ṣọ́ irú ọ́ìlì tí ẹ ń lò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà àkọ́kọ́ ń lo ọ́ìlì bíréèkì, àwọn tó tẹ̀lé wọn sì ń lo ọ́ìlì jíà tí wọ́n ń pè ní ATF. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ láé, nítorí yóò ba àwọn rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Ọ́ìlì bíréèkì a sì máa bó ọ̀dà ara ọkọ̀.

Bí ó bá ń falẹ̀, tàbí tí ó ń wọ́ sí apá kan

Ẹ tú ọ̀pá sìlíńdà kúrò lára irin òrùlé, kí ẹni méjì sì fi ọwọ́ gbé òrùlé náà. Bí ó bá le, oríkèé irin ló ti dì tàbí tó ti wọ́. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì tọ́ èyí tó wọ́. Bí ó bá rọrùn láti gbé, sìlíńdà kan ló ti rẹ̀. Ó dára kí a pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n.

Ọkọ̀ kan wà tí kò tẹ̀lé ọ̀nà yìí. Ford Skyliner ti ọdún 1957 sí 1959 ní òrùlé irin tó ń wọ inú búùtù. Kò lo ọ́ìlì rárá, ẹ̀rọ iná 7 ló ní. Ìgbésẹ̀ kan ló ń pe èkejì níbẹ̀, bí súwíìṣì kékeré kan bá kùnà, gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, kí ọmọdé má sí nítòsí nígbà tí ẹ bá ń ṣe àyẹ̀wò yìí. Oríkèé irin yẹn lè fún ìka pa, òrùlé tí kò ní ohun tó gbé e ró sì lè já lé ènìyàn lórí. Ẹ fi igi tó lágbára tì í kí ẹ tó nawọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò tí kò gba owó ná: ìkọ́, bátìrì, fíúùsì, wáyà, ọ́ìlì. Ọjà ńlá ni kó gbẹ̀yìn. Ohun tí etí bá ti gbọ́, àpò kò ní láti sanwó ìmọ̀ rẹ̀ mọ́.